Àtè kòkòrò aṣọ tí mo rà nítorí sányán bàbá mi

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún ọjà yìí, ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn ná kí ẹni tó ń kánjú lè máa lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé aṣọ òkè wà nínú àpótí yín nílùú Òyìnbó níbí, pàápàá sányán àtijọ́ tí bàbá tàbí màmá yín fi sílẹ̀ fún yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ torí mi ò fẹ́ kí ohun tójú mi rí ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Ọjà ọ̀hún ni àtè kòkòrò aṣọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà lábúlé ẹ mọ àtè, èyí tí wọ́n máa ń fi oje igi ṣe láti mú ẹyẹ, bí èyí náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Páálí pẹlẹbẹ kan ni, ẹ máa ká a bí òrùlé ilé, gúlúù tó ń lẹ̀ gan-an ló wà nínú ẹ̀, wọ́n wá fi kiní kékeré kan bí oògùn oníhóró sí i pé kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín. Òórùn abo kòkòrò ló wà lára kiní yẹn. Àwa èèyàn ò lè gbọ́ òórùn ẹ̀ rárá, èmi tiẹ̀ gbé e símú títí mi ò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n akọ kòkòrò máa gbọ́ ọ, á rò pé ìyàwó ń pe òun, á wọlé, ó parí. 10 ló wà nínú páálí kan, pọ́n-ùn 17 ni mo rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ kejì ló dé. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é torí èyí tí mo ti rí nínú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, ohun tí mo bá sọ nípa ìkan, ẹ lè fi wo èkejì.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí bàbá mi kú, agbádá méjì ló kàn mí nínú ẹrù wọn, etù kan àti sányán kan, pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò sányán yẹn. Àbúrò mi ọkùnrin ló yẹ kó kó o ṣùgbọ́n ó ní ó tóbi ju òun lọ, mo bá ní kí wọ́n kó o fún mi, inú báàgì ọwọ́ ni mo gbé e sí wá sí London, mi ò jẹ́ kó wọ inú ẹrù tó ń lọ sísàlẹ̀ bàálù. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti hun sányán yẹn. Bàbá mi máa ń tẹnu mọ́ ọn pé sányán gidi ni o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi òwú ìgbàlódé hun tí wọ́n pa láwọ̀ kó lè jọ ọ́. Nínú gbogbo fọ́tò àtijọ́ tó wà nílé wa, ìgbéyàwó ni o, ìsọmọlórúkọ ni o, ìwúyè ni o, òun ló wà lọ́rùn wọn. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé sányán ni baba aṣọ.

Mo ká gbogbo ẹ̀ síra wọn, mo fi pépà funfun wé e, mo gbé e sínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní yàrá ẹ̀yìn tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ lò. Ilé wa ní Peckham, ilé àtijọ́ ni, pátákó ilẹ̀ ẹ̀ ti la, kápẹ́ẹ̀tì wà lórí àtẹ̀gùn. Ọdún 3 gbáko ni mi ò ṣí àpótí yẹn. Oṣù kọkànlá tó kọjá ni ọmọ mi ọkùnrin ní òun fẹ́ wọ sányán bàbá àgbà níbi ìgbéyàwó òun, ẹ wò ó, omi bọ́ lójú mi, mo sáré lọ gbé àpótí jáde. Mo tú etù, etù wà bó ṣe wà, kò sí ohun tó ṣe é. Mo tú sányán, ihò. Ọrùn agbádá, ihò. Abíyá bùbá méjèèjì, ihò. Ẹnu àpò iwájú tí bàbá mi máa ń ki ọwọ́ bọ̀ láti kó owó jáde tí wọ́n bá ń náwó fún onílù, ihò bíi pé ẹnì kan ń fi sìgá jó o lọ́kọ̀ọ̀kan. Nǹkan funfun kan wà lára ẹ̀ bí òwú aláǹtakùn, mo wá rí kiní kan bíi hóró ìrẹsì lábẹ́ òwú yẹn, mo fọwọ́ kàn án, ó ń rìn. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí.

Màmá mi ní Ìbàdàn ni mo kọ́kọ́ pè. Wọ́n ní "Ṣé o ò fi káńfọ̀ sí i ni?" Mo ní "Mà, wọn ò tà á níbí mọ́." Wọ́n ní "Irú ìlú wo wá nìyẹn tí wọn ò ti ta káńfọ̀?" Wọ́n ní àwọn máa fi ránṣẹ́ sí mi lọ́wọ́ ẹni tó bá ń bọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi ránṣẹ́, kí n sì tètè sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ṣì ń kó o bọ̀ nínú ẹrù. Káńfọ̀ funfun róbótó yẹn, nafítálíìnì ni, láti 2008 ni ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ní kí wọ́n má tà á mọ́ fún kòkòrò aṣọ. Nọ́ọ̀sì ni mí, ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa ẹ̀ ju òfin lọ ni àwọn ọmọ ìkókó. Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń pè ní G6PD, ò tó lára wọn, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá, tí wọ́n bá wọ aṣọ tí wọ́n fi káńfọ̀ sí, ẹ̀jẹ̀ wọn lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ẹyinjú wọn á yí sí àwọ̀ ìyeyè, tí wọn ò bá tètè gbé e dé ọsibítù ó lè mú ọpọlọ. Ẹ má fi sáàárín aṣọ ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́. Kò sí aṣọ tó tó ọmọ.

Ó dáa, bí mo ṣe ra àtè nìyẹn. Mo gbé 1 sí yàrá ẹ̀yìn, 1 sínú wọ́dúróòbù mi, 1 sí pálọ̀, 1 sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ọjọ́ kẹta, 4 ti lẹ̀ mọ́ ti yàrá ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, mo ka gbogbo ẹ̀ pọ̀, 31! Inú mi dùn gan-an, mo ya fọ́tò ẹ̀ sí gúrúùpù ẹbí wa lórí WhatsApp, mo ní ẹ wo àwọn ọ̀tá sányán bàbá wa, ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n. Ara páálí ọjà yẹn náà ni wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà pé ó ń fòpin sí kòkòrò aṣọ. Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo gbé sányán sínú wọ́dúróòbù, mo fi àtè lé e lókè, mo lọ síbi iṣẹ́ mi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, súwẹ́tà wúùlù ọmọbìnrin mi ti lu. Ihò tuntun 2 tún ti wà létí ẹsẹ̀ ṣòkòtò sányán. Àtè sì kún fún kòkòrò o! Mo wò ó títí, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Báwo ni mo ṣe ń pa á tó tún ń jẹ ẹ́?

Ìgbà yẹn ni mo jókòó láti mọ irú ẹ̀dá tó jẹ́ gan-an, ohun tí mo sì mọ̀ ló jẹ́ kí n rí i pé àtè ò purọ́, ẹni tó kọ̀wé sára páálí ẹ̀ ló purọ́.

Ẹ jẹ́ n ṣàpèjúwe ẹ̀ kí ẹ lè dá a mọ̀. Kékeré ni. Tó bá pa ìyẹ́ dé, gígùn ẹ̀ ò ju mìlímítà 6 sí 7 lọ, tó bá na ìyẹ́ sọ́tùn-ún sósì kì í ju 9 sí 16 lọ. Àwọ̀ ẹ̀ dà bí èèpo àgbàdo gbígbẹ tí oòrùn ń tàn sí, ó ń dán bí idẹ, kò ní àmì kankan lára ìyẹ́, irun wúruwùru tó pọ́n díẹ̀ ló wà lórí ẹ̀, etí ìyẹ́ ẹ̀ sì ní irun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìdí ìborùn tí wọ́n tú òwú ẹ̀. Tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ pa, eruku tó ń dán ló máa kù sí yín níka. Kí n sọ òótọ́, tí kì í bá ṣe ohun tó ṣe fún mi, ó rẹwà. Tineola bisselliella lorúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Hummel ló ṣàpèjúwe ẹ̀ sínú ìwé lọ́dún 1823, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìlú kan ní Yúróòpù tí kò sí nínú ilé àwọn èèyàn. Ó ní ìbátan kan tó jẹ́ aláwọ̀ eérú tó ní àmì dúdú lára ìyẹ́, ọmọ tìyẹn máa ń gbé àpò òwú kékeré kiri bí ìgbín ṣe ń gbé ìkarahun, òun náà ń jẹ aṣọ, ṣùgbọ́n èyí tó wà nílé mi, aláwọ̀ idẹ yẹn ni.

Afòpiná tí gbogbo wa mọ̀, iná ló ń wá. Òwe wa kúkú ní afòpiná tó lóun ó pa fìtílà, ara ẹ̀ ni yóò pa. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹbí afòpiná ni, ṣùgbọ́n iná ló ń sá fún. Tẹ́ ẹ bá tan iná wọ́dúróòbù, á sáré wọ abẹ́ kọ́là, á wọ inú ìsẹ́po aṣọ, ẹsẹ̀ ló tiẹ̀ máa fi ń sáré. Torí náà èyí tẹ́ ẹ bá rí lálẹ́ tó ń yí gílóòbù pálọ̀ ká, kò dájú pé òun ni, ẹ má wulẹ̀ pa onítọ̀hún, ìta ló ti wá, ẹ ṣí fèrèsé fún un kó máa lọ. Ohun tó mú kí òkùnkùn àpótí mi dùn mọ́ ọn nìyẹn, ọdún 3 láìsí ìmọ́lẹ̀, láìsí ẹni tó gbọn aṣọ, kí ló tún fẹ́.

Ibi tó wá dùn mí jù nìyí. Kòkòrò tó ń fò yẹn kì í jẹ nǹkan kan. Kò ní ẹnu tó lè jẹun! Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ló máa lò láyé, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kí akọ rí abo, kí abo yé ẹyin, kí wọ́n kú. Ọmọ wọn ló ń jẹ aṣọ. Abo kan lè yé ẹyin 40 sí 50, á máa fi wọ́n sáàárín fọ́nrán òwú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kiní kan bí gúlúù lára tó fi ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ẹyin ọ̀hún ò tó mìlímítà 1, ẹ ò lè fojú rí i dáadáa. Tí ilé bá móoru, ọjọ́ 4 sí 10 ó ti pa. Ìdin funfun olórí búráùn ló máa jáde, ìdin yẹn ni ẹ óò máa bọ́ láti ìgbà yẹn lọ. Bó ṣe ń jẹ ló ń hun òwú bo ara ẹ̀, bó ṣe ń dàgbà ló ń bọ́ awọ sílẹ̀, àwọn kan lè bọ́ awọ bí ìgbà 5, àwọn kan lè bọ́ ọ tó ìgbà 45. Ìgbẹ́ ẹ̀ dà bí iyanrìn, àwọ̀ aṣọ tó bá jẹ ló sì máa ní, mo rí i nísàlẹ̀ àpótí mi, àwọ̀ sányán ni, mo ti kọ́kọ́ rò pé yẹ̀pẹ̀ ni. Tí ooru bá wà tí oúnjẹ bá wà, oṣù méjì ó ti tó láti di ńlá. Tí òtútù bá mú un tàbí oúnjẹ ò dáa, á fara balẹ̀, ó lè lò ju ọdún 2 lọ nípò ìdin. Ju ọdún 2 lọ! Nígbà tó bá tó àkókò á wé ara ẹ̀ pátápátá sínú òwú, nígbà ooru ọjọ́ 8 sí 10 á ti yọ ìyẹ́, nígbà òtútù á tó ọ̀sẹ̀ 3 sí 4. Àwa tí a máa ń tan hítà láti oṣù kẹwàá títí Easter á fi kọjá, àwa la sọ gbogbo ọdún di ìgbà ooru fún un.

Ẹ wá wo ohun tí àtè ń mú nísinsìnyí. Akọ nìkan. Abo kì í wá torí òórùn abo ẹgbẹ́ ẹ̀ kò kàn án, abo tiẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ fò, rírìn ló ń rìn láàárín aṣọ. Ìdin kì í wá torí inú oúnjẹ ló wà, kí ló fẹ́ wá kiri? Ẹyin ò ní ẹsẹ̀. Akọ 31 tí mo ń yọ̀ lé lórí yẹn, mélòó nínú wọn ló ti bá abo pàdé kó tó lẹ̀ mọ́ gúlúù? Akọ 1 tó bá ti yọ́ kọjá ti tó. Torí náà ẹni tó bá ra àtè yìí tó sì gbé e sókè wọ́dúróòbù tó lọ sùn, bíi ẹni tó gba mẹ́gáàdì tó ní kó wá ṣiṣẹ́ ṣọ́jà ni.

Ṣùgbọ́n mẹ́gáàdì gidi ni o, ìràwọ̀ 3 tí mo fún un, ibí yìí ló ti rí i gbà. Nígbà tí mo yé wò ó bí ohun tó ń pa kòkòrò, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó bí ohun tó ń fi ibi tí wọ́n wà hàn mí, nǹkan yí padà. Mo mú bírò, mo kọ déètì sára ìkọ̀ọ̀kan, mo ń ka iye tó wà níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Pálọ̀, 2. Wọ́dúróòbù mi, 5. Yàrá ẹ̀yìn, 9. Abẹ́ àtẹ̀gùn, 22. Kí ló wà lábẹ́ àtẹ̀gùn? Mo kó gbogbo báàgì jáde, mo ti họ́fà sápá kan, mo dé ẹ̀yìn pátápátá, kápẹ́ẹ̀tì wúùlù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ká, ẹni tó gbé ilé yẹn kó tó kàn wá ló fi í sílẹ̀, a ò sì fọwọ́ kàn án láti ìgbà tí a ti kó wọlé. Mo tú u díẹ̀, ìdin ń bọ́ sílẹ̀ bí ìrẹsì. Ibẹ̀ ni ìlú wọn. Sányán bàbá mi, ibi tí wọ́n ti wá jẹ àsè ni. Mi ò bá má mọ̀ láéláé tí kò bá sí àtè yẹn, mo lè máa fọ wọ́dúróòbù fún ọdún 10. English Heritage tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́ ní England, lọ́dún 2017 wọ́n pín irú àtè yìí fún aráàlú lọ́fẹ̀ẹ́, ohun tí wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n fi ṣe ni kí wọ́n ka iye tó bá kó sí i kí wọ́n lè mọ ibi tí kòkòrò yìí pọ̀ sí. Kíkà yẹn gan-an ni iṣẹ́ ẹ̀. Kí ló dé tí àwọn tó ń tà á ò kọ ìyẹn sára páálí?

Àwọn ìbéèrè kan wà tí ẹ máa bi mí. Kí ló dé tó fi jẹ sányán tó fi etù sílẹ̀ nígbà tí wọ́n jọ wà nínú àpótí kan náà? Èmi náà bi ara mi. Etù, òwú ni, òwú tí wọ́n fi aró pa, inú igi òwú ló ti wá, ìdin yìí ò sì lè jẹ ohun tó ti ara igi wá. Ohun tó bá ti ara ẹ̀dá abẹ̀mí jáde ló ń jẹ, irun àgùntàn, ìyẹ́ ẹyẹ, irun èèyàn tó bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ṣẹ́dà. Sányán gidi sì rèé, ṣẹ́dà ni, kòkòrò ló ń ṣe é. Anaphe lorúkọ kòkòrò yẹn nínú ìwé, afòpiná ilẹ̀ wa ni òun náà, àwọn ọmọ ẹ̀ máa ń rìn pọ̀ bí agbo ẹran, tó bá tó àkókò gbogbo wọn á jọ hun ilé òwú kan ṣoṣo sórí igi, wọ́n á wọ inú ẹ̀ lọ. Ilé yẹn ni àwọn ìyá wa máa ń já, wọ́n á sè é, wọ́n á ran án, wọ́n á kó o fún ahunṣọ. Mo ronú sí i títí lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ afòpiná kan ló fi ohun ẹnu ẹ̀ ṣe aṣọ bàbá mi, ọmọ afòpiná mìíràn ló wá fẹnu jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí sányán yín jẹ́ ti ìsinsìnyí tí wọ́n fi òwú tàbí pólísítà hun, ọkàn yín lè balẹ̀, kò ní í rí nǹkan gidi jẹ níbẹ̀. Àwa tó ni ojúlówó ni ká máa ṣọ́nà.

Kí ló dé tó jẹ́ ọrùn, abíyá àti ẹnu àpò? Òógùn. Ìdin yìí fẹ́ràn ibi tí òógùn, òróró ara àti ọbẹ̀ bá ti ta sí. Gbogbo òde tí bàbá mi jó, gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ọwọ́ nu ọrùn, ó wà níbẹ̀, a kì í sì í fọ sányán bí ẹni ń fọ áńkárá. Ẹ má ká aṣọ tẹ́ ẹ ti wọ̀ lọ òde padà sínú àpótí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé e fún àwọn dìráìkílíìnà.

Kí wá ló pa á? Fírísà. Mo ju kápẹ́ẹ̀tì yẹn nù lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo fi họ́fà fa gbogbo abẹ́ àtẹ̀gùn, etí ògiri, àárín pátákó ilẹ̀, mo sọ báàgì họ́fà nù síta lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Aṣọ tó ṣeé fọ̀ lómi gbígbóná, mo fọ ọ́ ní ìwọ̀n ooru 60 Celsius. Sányán ò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, mo wé e sínú láílọ́ọ̀nù ìlọ́po méjì, mo tẹ afẹ́fẹ́ jáde, mo gbé e sínú fírísà ńlá wa tó tutù dé ìwọ̀n 18 Celsius sísàlẹ̀ òdo, ọ̀sẹ̀ 2 gbáko. Màmá mi rí i lórí fídíò, wọ́n ní "O gbé aṣọ bàbá ẹ ti ẹja títù!" Mo ní "Mà, ibẹ̀ ló ti máa yè." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní kí n rí i pé láílọ́ọ̀nù yẹn ò lu o. Tẹ́ ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú u lójú ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kó yọ́ nínú láílọ́ọ̀nù fún ọjọ́ 1 kí omi má baà sẹ̀ sára aṣọ. Màmá mi sì sọ ohun kan tó jẹ́ òótọ́ pátápátá, pé àwọn ní tiwọn, gbogbo ọdún ni àwọn máa ń sá aṣọ sóòrùn, àwọn á gbọ̀n ọ́n, àwọn á tún un ká. Ìmọ́lẹ̀ àti gbígbọ̀n yẹn, ohun tí kòkòrò yìí kórìíra jù nìyẹn, ẹyin ẹ̀ á máa bọ́ sílẹ̀. Oòrùn Peckham ò tó ti Ìbàdàn ṣùgbọ́n ọwọ́ wa lè gbọn aṣọ.

Ẹnì kan sọ fún mi nípa agbọ́n kéékèèké, Trichogramma, tí kò tó mìlímítà 1, tó máa ń yé ẹyin tiẹ̀ sínú ẹyin kòkòrò aṣọ. Òótọ́ ni, National Trust, ẹgbẹ́ mìíràn tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́, dán an wò nínú ilé ńlá àtijọ́ kan, Blickling Hall, ní Norfolk lọ́dún 2021. Mi ò tíì rà á torí fírísà ti ṣe é fún mi. Láfẹ́ńdà àti igi sídà tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, òórùn dídùn ni, mi ò lè fi sányán mi dúró fún un.

Àléébù ọjà yìí tó kù. Gúlúù ẹ̀ le jù, èyí tí mo so kọ́ sínú wọ́dúróòbù fì, ó lẹ̀ mọ́ apá agbádá etù mi, ó gbà mí ní wákàtí 1 kí n tó yọ ọ́, ó ṣì fi àmì sílẹ̀. Ẹ má so ó kọ́ láàárín aṣọ, orí pèpéle ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Òórùn inú ẹ̀, oṣù 3 ni wọ́n ní ó máa lò, ṣùgbọ́n lẹ́tà wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi kọ ọ́ sẹ́yìn, ẹni tí kò bá rí i á máa rò pé kòkòrò ti tán nígbà tó jẹ́ pé òórùn ló tán. Mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á nípa ohun tí wọ́n kọ sára páálí, wọ́n fèsì pé àwọn máa dá owó mi padà. Mi ò gba owó, mo ní kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ yẹn padà, wọn ò tíì dá mi lóhùn.

Ṣé màá tún rà á? Màá rà á. Pọ́n-ùn 17 fún 10, tẹ́ ẹ bá ń lo 4 lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa lò tó oṣù 6 ó lé, kò wọ́n fún ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó ń wá oògùn tó máa pa ìdin, kó má rà á rárá, kó lọ ra láílọ́ọ̀nù kó sì sáyè fún un nínú fírísà.

Sányán ti wà lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ránṣọ, wọ́n ní àwọn máa fi iṣẹ́ ọnà bo ọrùn àti ẹnu àpò, abíyá bùbá àwọn máa pààrọ̀ ẹ̀, ọmọ mi á wọ̀ ọ́ lóṣù kẹjọ. Àtè tó wà lórí pèpéle wọ́dúróòbù, mo yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ yìí kí n tó jókòó kọ èyí, akọ 1 ló wà níbẹ̀, àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ 5. Mo ti kọ déètì sí i, mo sì ti kó súwẹ́tà méjèèjì tó wà nítòsí ẹ̀ sínú fírísà.